Ìwé Iṣan Ọwọ́ Ilé Iṣẹ́ Fìtílà

Ọwọ́ àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ fìtílà ni Nie Sulan kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ojú wọn. Bí ọwọ́ kan bá ti balẹ̀ sórí ìrọ̀rí kékeré tó wà níwájú rẹ̀, á ti mọ ibi tí ẹni tó ni ín ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń so wáyà ní àpá iná tín-tìn-tín lórí ìka. Àwọn tó ń di ẹrù ní ọwọ́ gbígbẹ, páálí ti fa gbogbo ọ̀rá ara wọn mu. Àwọn ará yàrá gọ́ọ̀mù ńkọ́? Ìyẹn kò dìgbà tí wọ́n bá jókòó. Òórùn wọn á ti ṣíwájú wọn wọlé, òórùn kíkan tó ń ta ni nímú, tí ọṣẹ kò ràn, tí Sulan sì máa ń gbé lọ sílé nínú aṣọ funfun rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Dókítà ni, ti ìṣègùn àtijọ́ tí àwọn ará China jogún lọ́wọ́ baba ńlá wọn, èyí tí wọ́n fi ń mọ ohun tó ń ṣe ènìyàn láti ibi iṣan ọwọ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é ní ilé ìwòsàn ìjọba kan létí odò ní Guangdong. Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, wọ́n fún un ní ife tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lára, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílé ọkọ ní Wuhan. Sulan lọ ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jó ní gbangba ìlú ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúnkún àti ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi sú u. Ó fara dà á fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n wá pè é sí ilé iṣẹ́ fìtílà, kò bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀.

Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà ti gbọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Shenzhen ń fún òṣìṣẹ́ wọn ní ìṣègùn àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà kò sì fẹ́ gbẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, tí ọdún bá dé, òróró àti páálí ọsàn ni wọ́n ń pín. Ní báyìí, wọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni òṣìṣẹ́ lè wá gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n dé ife gbígbóná sí ẹ̀yìn tó ń ro ó, kí dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó sì gba àgbo tí wọ́n ti sè sínú ọ̀rá lọ sílé. Wọ́n ta aṣọ pupa sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ẹbí kan ni gbogbo wa. Àwọn ìjòyè ìlú wá ya fọ́tò. Wọ́n ní kí Sulan di ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan mú, kó máa rẹ́rìn-ín, ó sì dì í mú títí ọwọ́ ọmọ náà fi kú, nítorí pé ẹni tó ń ya fọ́tò ṣì ń wá ibi tí aṣọ pupa yẹn á ti hàn dáadáa. Ó yẹ kí ìyẹn ti là á lójú. Kò là á.

Ká sọ tòótọ́, oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ dùn. Àwọn obìnrin á sáré wọlé lásìkò ìsinmi, ọrùn wọn á le gbagidi, èjìká wọn á ti ga dé etí. Bí Sulan bá ti gún wọn ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á mí kanlẹ̀. Àwọn tí nǹkan oṣù wọn ń dà láàmú rí ìrọ̀rùn. Wọ́n ń gbé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ wá fún un, wọ́n ń gbé èso lychee wá nígbà tó bá pọ́n. Wọ́n sì máa ń bá a ṣeré.

“Dókítà, ẹ bá mi wò ó bóyá ọkọ mi ń purọ́ fún mi.”

“Iṣan tìrẹ ló wà lọ́wọ́ mi. Lọ gbé tiẹ̀ wá.”

Àléébù Sulan kò ju ẹyọ kan lọ: ó fẹ́ràn ìyìn. Ní ọjọ́ kan, nílé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, ẹnì kan bi í bóyá òótọ́ ni pé ọwọ́ tó bá mọṣẹ́ lè fi iṣan mọ̀ pé obìnrin ti fẹ́ra kù. Sulan gbé igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀, ó na ìka mẹ́ta sókè. “Kí ìwé ìdánwò tí ẹ ń tọ̀ sí tó mọ̀, kí ọkọ tó mọ̀, kí ìwọ tó ni ikùn gan-an tó mọ̀, àwọn mẹ́ta yìí á ti mọ̀.” Àwọn obìnrin hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi bu ìrẹsì kún ìrẹsì.

Pang Weiguang wà ní tábìlì kejì. Òun ni ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, tí irun rẹ̀ máa ń dán, tí kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó bá wọn pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé ńlá tuntun kan wá fún Sulan, tí wọ́n ti fi rúlà fa ìlà sí: orúkọ, ibi iṣẹ́, ọjọ́ orí, bí ahọ́n ṣe rí, bí iṣan ṣe ń lù, ìmọ̀ràn dókítà. Ó ní kí ìtọ́jú gbogbo wọn lè péye ni.

Ìwé náà wu Sulan. Nílé ìwòsàn ìjọba, òun ló máa ń bá àwọn dókítà kékeré wí pé ẹni tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀, alágbo ojú títì ni, kì í ṣe dókítà. Nítorí náà, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó dára. Bí iṣan ọwọ́ obìnrin kan bá ń yọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń yí nínú àwo, tí obìnrin náà sì sọ pé òun kò tíì rí nǹkan oṣù òun, Sulan á tẹ̀ síwájú, á kí i kú oríire ní ohùn kékeré, á ní kó má mu omi dídì mọ́, á wá kọ ọ́ sínú ìwé pé: iṣan ń yọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, Pang á wá gbé ìwé náà. Ó ní òun fẹ́ fi sínú kọ̀ǹpútà. Á dá a padà ní Ọjọ́bọ̀ kejì, á sì tún bá a mú tíì díẹ̀ wá.

Ní oṣù kẹta ọdún, ọmọbìnrin kan tó ń so wáyà, Lu Qiaoyun, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbé ọwọ́ sórí ìrọ̀rí. Iṣan rẹ̀ ń yọ̀ kedere. Nígbà tí Sulan sọ fún un, ó fi ọwọ́ kejì bo ẹnu, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ọjọ́ náà ni Sulan rí i mọ nílé iṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta kọjá. Nígbà tó béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń so wáyà, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

Ọjà ẹja ló ti wá rí i ní oṣù kẹrin. Qiaoyun jókòó ti ọpọ́n ńlá kan níbi tí ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń tajà, ó ń ha ìpẹ́ lára ẹja, ìpẹ́ ti lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ.

“Qiaoyun, a ò rí ẹ mọ́. Ara ńkọ́?”

“Ẹ̀ ń bi mí ni, Dókítà?” Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. “Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.”

Sulan kò mọ ohun tó ń sọ, ó sì hàn lójú rẹ̀, nítorí náà Qiaoyun rò fún un bí ẹni ń ka ìwé. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n gbé òun lọ sí yàrá gọ́ọ̀mù. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni, èèyàn kò tó níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní ni òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Òun ń bì sínú ike gọ́ọ̀mù tó ti ṣófo, òórùn inú ike yẹn sì tún ń mú òun bì sí i. Òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá òun padà, Ọ̀gá Pang ní kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú òun jókòó, pé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ wà lórí tábìlì, wọ́n kàn ń dúró de kí òun fọwọ́ sí i ni. Òun fara dà á fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá òun fọwọ́ sí i. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, oyún ti wálẹ̀.

“Bóyá gọ́ọ̀mù ni o, bóyá bó ṣe máa rí nìyẹn, n ò mọ̀.” Ó ju ẹja tó ti ha tán sínú ọpọ́n kejì. “Ṣùgbọ́n n ò tíì sọ fún ìyá mi nígbà yẹn, Dókítà. N ò sọ fún ọ̀rẹ́ kankan. Àfi ẹ̀yin.”

Sulan ra ẹja tí kò fẹ́ rà. Ó gbé e délé, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò, òórùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ló pa iná, ó sì da gbogbo rẹ̀ nù.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, ó jókòó ti ìwé náà, ó ń ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ibi gbogbo tó ti kọ ọ́ pé iṣan ń yọ̀, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù tọ́ àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àmì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àmì méje. Nínú àwọn obìnrin méjèèje, mẹ́fà kò sí nílé iṣẹ́ mọ́. Ìkeje ni Màmá Geng, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ikọ́ ló gbé e wá sọ́dọ̀ Sulan. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá pọ̀ láyà náà máa ń mú kí iṣan yọ̀, gbogbo ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbé Màmá Geng náà lọ sí yàrá gọ́ọ̀mù, òun àti ikọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣe.

Ìríra mú Sulan débi pé awọ ara rẹ̀ ń rìn. Àwọn tó ń jalè kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń jí. Òun sì ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn, òun tó gbé ìka sókè nílé oúnjẹ láàárín àwọn èèyàn, tó ń gba àtẹ́wọ́.

Ó lọ bá Pang ní ọ́fíìsì. Pang dìde fún un, ó gbé àga fún un, ó da omi gbígbóná sórí tíì. Kò jiyàn. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn, kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní òun kò lé ẹnikẹ́ni, kálukú ló fọwọ́ ara rẹ̀ fọwọ́ síwèé. Ó ní òfin kò gba ilé iṣẹ́ láyè láti lé aboyún, ilé iṣẹ́ tiwọn sì ń bọ̀wọ̀ fún òfin, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ tètè mọ̀, kí obìnrin náà tó mú ìwé dókítà wá, kí ọ̀rọ̀ náà tó di ti òfin.

“Ẹ̀gbọ́n Nie, ẹ wò ó. Aboyún kan, oṣù mélòó ló máa lò nílé? Ta ló máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ni. Ẹbí kan ni wá, a gbọ́dọ̀ ro ti gbogbo ẹbí.”

“Ẹ̀yin sì rò pé Màmá Geng lóyún.”

Pang rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ẹnu fẹ́ ewé tíì orí ife rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Àṣìṣe kékeré. Ìdí tí a fi nílò yín láti ṣọ́ra sí i nìyẹn.” Ó wá sọ fún un pé ìwé àdéhùn iṣẹ́ obìnrin méjìdínlógójì máa parí ní òpin oṣù kẹfà. Òun fẹ́ kí Sulan di ọwọ́ gbogbo wọn mú ṣáájú ìgbà náà, òun fúnra òun á sì wá jókòó tì í, kí iṣẹ́ lè yá.

Sulan dìde láìmu tíì náà. Ó dé ilé ìwẹ̀ òṣìṣẹ́, ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀, ọṣẹ tán kí ọkàn rẹ̀ tó rò pé ó mọ́. Bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí ní ìsọ̀ egbòogi kan. Tí ìyá ọkọ bá mú ìyàwó ilé wá, tí bàbá bá sì rí i pé iṣan rẹ̀ ń yọ̀, á sọ fún ìyá ọkọ pé ó rẹ ọmọ yìí ni, kó má jẹ́ kó pọn omi. Ìgbà tó bá ń na egbòogi sí ìyàwó lọ́wọ́ ni yóò tó sọ ìyókù fún un, òun nìkan. Ìyàwó náà ló mọ ìgbà tó máa sọ fún ìyá ọkọ. Sulan ti rí ìyẹn nígbà tí kò tíì ga tó tábìlì. Ojú tì í níwájú dígí ilé ìwẹ̀ náà, ojú tì í gan-an.

Ó rò ó láti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tí òun bá lọ, wọ́n á wá ẹlòmíràn tí á máa sa gbogbo ipá rẹ̀ kí àmì pẹ́ńsù Pang má bàa ṣì. Kàkà bẹ́ẹ̀, irọ́ ló pète. Á di ọwọ́ gbogbo wọn mú, á sì kọ ọ́ fún gbogbo wọn pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Irọ́ bàbá rẹ̀ gan-an.

Pang kò fún irọ́ láyè. Nígbà tí Sulan dé ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, kẹ́tùlù ńlá kan wà lórí tábìlì, ife ìwé tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò dìgbà tó ṣí i. Imú rẹ̀ ti mọ òdòdó pupa gbígbẹ tó wà níbẹ̀, àti ewé kíkorò tó bá a rìn, àwọn méjèèjì tí wọ́n fi ń lé ẹ̀jẹ̀ tó bá sé sínú obìnrin jáde. Kò sí alágbo kankan ní gbogbo ẹkùn náà tó máa fi wọ́n fún aboyún.

“Ẹ̀bùn ilé iṣẹ́ fún àwọn obìnrin wa,” ni Pang wí. Ó ti jókòó, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. “Mo kà á lórí fóònù pé ó dára fún nǹkan oṣù. Tí ẹ bá ti di ọwọ́ ẹnì kan mú, tí ẹ ní kò sí nǹkan kan, á mu ife kan níbí kó tó lọ. Ẹni tí kò bá ní nǹkan lára, kí ló máa ṣe é?”

“Ẹni tó bá ní in, tí kò sì mọ̀ ńkọ́?”

“Ṣebí ẹ̀yin wà níbí láti mọ̀.”

Sulan wo ojú rẹ̀, ojú tó mọ́, tó fá irùngbọ̀n dáadáa, tó ti jẹun àárọ̀. Ó rí i pé ọkùnrin yìí kò kà á sí ìwà ibi. Ó kà á sí ọgbọ́n. Sulan ti tọ́jú egbò tó ti kẹ̀ rí, ó ti fọwọ́ kó ìgbẹ́ aláìsàn, kò sí èyí tó rí i lára tó báyìí rí.

Àwọn obìnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ dúró. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin mẹ́jọ kọjá, kò sí nǹkan kan lára wọn, Sulan sì fara balẹ̀ yẹ ọwọ́ méjèèjì wò kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ife sẹ́nu. Pang ń tọ́ àmì.

Ẹni kẹsàn-án ni Xiong Meiju, láti ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án nílé iṣẹ́ náà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú omi tó ń kó yanrìn. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé oyún méjì ti bà jẹ́ mọ́ ọn lára, pé kò sì tíì bímọ kankan. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ sórí ìrọ̀rí, ọwọ́ náà sì tutù nínú ooru yẹn. Kẹ́tùlù ló ń wò. Ìyá rẹ̀ náà ti kọ́ ọ ní ohun tí òdòdó pupa ń ṣe.

Sulan fi ìka mẹ́ta lé e. Iṣan náà ń yí wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀, kedere, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò sí àníàní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó pẹ́ tán, méje. Meiju gbé ojú kúrò lára kẹ́tùlù, ó gbé e lé Sulan, ó sì mi orí díẹ̀, bíntín, tí Pang kò lè rí. Sulan gbọ́ ọ yé. Ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́.

Tí ó bá ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, ife nìyẹn. Tí Meiju bá kọ ife, Pang ti mọ̀. Tí ó bá sọ ọ́ sí Pang létí, yàrá gọ́ọ̀mù nìyẹn ní ọjọ́ Ajé. Sulan di ọwọ́ náà mú ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wá rántí ohun tí Pang fẹnu ara rẹ̀ sọ, pé òun fẹ́ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ti òfin. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu.

“Xiong Meiju ti lóyún,” ló wí, ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn ìlà. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi Dókítà Nie ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbí ti gbọ́, Ọ̀gá Pang náà sì ti gbọ́.”

Pang yọ pẹ́ńsù létí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Sulan ti fa ìwé funfun méjì jáde láti inú àpò rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí i pé aboyún ni Xiong Meiju, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ gọ́ọ̀mù, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀dà, kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wúwo. Ó kọ ọjọ́ àti aago sí i, ó fi òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní pupa, ó sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí àwọn tó ní fóònù lọ́wọ́ yà á. Fóònù mẹ́wàá ga sókè. Ó tẹ ìwé kan síwájú Pang, ó na èkejì sí Meiju, ó ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lónìí lónìí kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, kí tiwọn náà lè wà ní àkọsílẹ̀.

“Ní báyìí, o ti mọ̀,” ló wí fún Pang. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀. “Ó ti di ti òfin. Tó bá wọ yàrá gọ́ọ̀mù ní ọjọ́ Ajé, ìwọ lo gbé e wọ ibẹ̀, gbogbo àwọn wọ̀nyí ló sì máa sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó gbé kẹ́tùlù, ó da gbogbo rẹ̀ sínú garawa tí wọ́n fi ń nulẹ̀. Ó mú ìwé ńlá náà, ó tì í bọ àpò rẹ̀.

Pang dìde, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Kò pariwo. “Ẹ̀gbọ́n Nie, a dúpẹ́ fún iṣẹ́ yín. Ẹ má wulẹ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.” Ó gba àárín àwọn obìnrin kọjá, wọ́n sì yà fún un.

Ara Sulan fúyẹ́. Ká má parọ́ fún ara wa, ó ń retí nǹkan. Bóyá àtẹ́wọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ó ń retí nǹkan. Ó bojú wo Meiju.

Meiju ti ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó ti fi sínú àyà aṣọ. Ojú rẹ̀ ti funfun. “Ẹ ṣé, Dókítà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi lẹ gbà padà fún mi.” Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí, ó fa apá aṣọ rẹ̀ bò ó dé àtàǹpàkò. “Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé a kì í dárúkọ rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Méjì ti bọ́ lára mi. Torí ẹ̀ ni n ò ṣe sọ ọ́, kódà fún ọkọ mi. Mo mi orí fún yín, ẹ sì rí mi.”

Sulan ní òun rí i.

“Ẹ ò bá ti bi mí,” ni Meiju wí, ó sì jáde.

Sulan jókòó padà. Obìnrin mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣì kù lórí ìlà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, Pang kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó gbé ìrọ̀rí kékeré náà síwájú, ó sì ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Kò sí ẹni tó dìde. Èyí tó jókòó sí ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì, ọmọbìnrin kan tó ti ń gbé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ wá fún un láti ọdún tó kọjá, ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó sì jókòó lé wọn.